Ogún Eku Tí Kò Ní Kẹ̀kẹ́

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, Dókítà wọ sítóò mi, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó sì bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ń ṣe nǹkan sí àwọn eku òun. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo ń ka ọṣẹ lọ́wọ́. Mo dúró lórí ìkẹrìndínlógójì, mo fi ìka tẹ ibẹ̀ kí n má baà gbàgbé, mo ní, "Eku wo?"

"Àwọn tí kò ní kẹ̀kẹ́, Bàbá. Ara wọn ń yá jù."

Mo wò ó. Mo ti gbọ́ ẹ̀sùn oríṣiríṣi nínú ilé yẹn: eku kú, eku sá lọ, eku jẹ ìbọ̀wọ́. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀sùn pé ara eku yá rí.

Ilé ìwádìí ni ibẹ̀, ilé alájà méjì tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, tó ń rùn bí oògùn apakòkòrò láti ẹnu géètì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tọ́jú sítóò wọn. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lò, láti orí abẹ́rẹ́ dé orí ìgbálẹ̀, ọwọ́ mi ni yóò ti gbà á. Bí o bá béèrè mẹ́ta, n óò fún ọ ní méjì, n óò ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí ní Bàbá Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀. Kò dùn mí. Ẹni tó bá ti rí páálí ìbọ̀wọ́ ọgọ́rùn-ún kan tó jẹrà mọ́ ara wọn nítorí pé wọ́n rà á jù, á mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹni tí mo jókòó kọ̀wé nípa rẹ̀ kì í ṣe ara mi. Ìyá Eléku ni.

Obìnrin kúkúrú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀, apá rẹ̀ sì le bí apá ẹni tó ti fún aṣọ fún ọdún gbọọrọ. Aṣọ ló kúkú ń fọ̀ ní ilé ìwòsàn kan kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyẹn nídìí eku. Òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, tó ń pààrọ̀ omi, tó ń kó èérún pákó tí wọ́n ti yàgbẹ́ sí dànù, tó ń fọ àgò wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé àti láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Kì í sọ eku lórúkọ, nọ́ńbà inú àgò ló fi ń pè wọ́n, ó sì máa ń bá wọn wí bí ìyá tó bí ìbejì mẹ́wàá. "Ìkejìlélógún, o tún ti da omi nù. Ṣé odò lo fẹ́ gbẹ́ ni?" Ẹni tó bá ń kọjá lọ́ọ̀dẹ̀ á rò pé ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ló wà nínú yàrá yẹn.

Kì í jiyàn. Nígbà tí ogún nínú àwọn garawa kéékèèké tó ń lò sán, ó wá béèrè òmíràn lọ́wọ́ mi. Mo ní owó garawa kò sí nílẹ̀. Mo wọ ẹ̀yìn sítóò lọ, mo wá nǹkan mìíràn fún un, mo ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sórí, ó dúpẹ́, ó lọ. Bí mo ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ènìyàn méjìlá ló ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi lójúmọ́.

Àwọn eku tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ogójì, funfun ni gbogbo wọn, abo ni gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì ní jẹjẹrẹ. Kókó kan wà lábẹ́ awọ ẹ̀gbẹ́ wọn, ó tó ẹyọ ẹ̀wà. Ogún wà lápá ọ̀tún yàrá. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà nínú àgò ìkọ̀ọ̀kan wọn, èyí tí eku lè gùn, kó máa sáré lójú kan náà títí á fi sú u. Ogún wà lápá òsì, àwọn ò ní kẹ̀kẹ́ kankan. Ohun tí Dókítà fẹ́ mọ̀ ni bóyá eré sísá lè dín másùnmáwo àti àìbalẹ̀ ọkàn kù lára ẹranko tó ń ṣàìsàn jẹjẹrẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ọkàn eku balẹ̀? Èmi náà béèrè. Dókítà á gbé e sínú àpótí funfun ńlá kan tí kò ní ìdérí, á máa wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Eku tí ẹ̀rù ń bà yóò lẹ̀ mọ́ ògiri àpótí náà bí ẹni tó jẹ gbèsè. Èyí tí ara tù yóò jáde sí àárín, á gbóòórùn ilẹ̀, á nà ró lórí ẹsẹ̀ méjì. Wọ́n tún ń ka ìgbẹ́ rẹ̀, nítorí inú eku tí jìnnìjìnnì bá kì í dúró. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ̀mọ̀wé tó ń ka ìgbẹ́ eku, mo padà sí sítóò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọṣẹ mi tayọ̀tayọ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, bó ṣe yẹ ló rí," ni Dókítà wí lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń jẹ èékánná bí ọ̀rọ̀ bá le. "Àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń jáde sí àárín, àwọn yòókù ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó yí padà. Àwọn tí kò ní kẹ̀kẹ́ ló wá ń yan fanda kiri. Wọ́n lé àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá, wọ́n tún kọjá wọn."

"Bóyá Ọlọ́run ló ṣàánú wọn."

"Bàbá, Ọlọ́run ò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn. Èmi ní ọ̀kan, Ìyá Eléku ní ọ̀kan."

Mo gbé ìka kúrò lórí ọṣẹ mi. Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ:

"Ẹnì kan ń pààrọ̀ wọn, tàbí ẹnì kan ń fún wọn ní oògùn, tàbí ó ń ṣe nǹkan tí mi ò mọ̀. Ọ̀gá Àgbà ti gbọ́. Ó ní bí mi ò bá rí ìdí rẹ̀ títí ọjọ́ Ẹtì, kí n pa gbogbo ogójì, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní Ìyá Eléku ò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan yàrá eku mọ́ títí láé." Ó tún jẹ èékánná. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń rí ohun tí kò bá dọ́gba. Ẹ bá mi wò ó."

Kò sí kámẹ́rà nínú yàrá náà. Wọ́n béèrè fún un lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo ní kí wọ́n mú sùúrù.

Mo bẹ̀rẹ̀ látinú kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. Kò sí ìgò kan tó dín. Mo lọ wo àmì tí wọ́n fi sí etí eku kọ̀ọ̀kan. Ó bá ti ìwé mu láti orí èkíní títí dé ogójì. Mo wọn oúnjẹ wọn, mo wọn èérún pákó wọn. Ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Ìyá Eléku dúró tì mí pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Bàbá Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀, kí lẹ ń wá?"

"Mò ń wo bí nǹkan ṣe ń lọ ni."

"Ní ọdún mọ́kànlá, ẹ ò wò ó rí." Ó kọjú sí àgò kan. "Ìkejìdínlógún, jókòó dáadáa, àlejò wà nílé."

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀. Ìyá Eléku ní àpò aláwọ̀ eérú kan. Bó bá ń bọ̀ láàárọ̀, àpò náà kún. Bó bá ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣì kún. Kí ni obìnrin tó ń jẹun ní ilé oúnjẹ wa, tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, ń gbé wá, tó ń gbé lọ? Mo sọ fún olùṣọ́ ẹnu géètì. Sájẹ́ǹtì ni gbogbo ayé ń pè é, kò sì ṣe sójà rí. Fìlà ló fi gba oyè. Ó ní òun náà ti fura tipẹ́. Irọ́ ló ń pa, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó pa á.

Ní Ọjọ́rú, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì wà, àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde lọ sílé, Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ síwájú Ìyá Eléku.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ ṣí àpò yín."

"Àpò tèmi?"

"Àṣẹ ni."

"Àṣẹ ta ni?"

Sájẹ́ǹtì yí ojú sọ́dọ̀ mi. Mo ń wo ọ̀dà géètì bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ìyá Eléku tẹ̀ lé ojú rẹ̀, ó sì rí mi.

"Háà! Bàbá Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ka ọṣẹ tán, ó wá kan àpò mi. Ṣé kí n ya ẹnu kí ẹ ka eyín mọ́ ọn?"

Ó da àpò náà délẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Bàtà kánfáàsì méjì ló já bọ́, tirẹ̀ ni ọ̀kan, ìkejì tóbi, ti ọkùnrin. Táwẹ́ẹ̀lì kan. Ìgò omi kan. Ó tán.

Ní òdìkejì òpópónà, ọkùnrin kan fẹ̀yìn ti ògiri. Ó rù, ṣùgbọ́n ó dúró ṣánṣán. Ọkọ rẹ̀ ni, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó pariwo láti ibẹ̀ pé, "Ṣé wọ́n ní o jí eku ni? Sọ fún wọn pé a ní tiwa nílé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì tẹ̀ ba, ó ń kó bàtà padà sínú àpò, fìlà rẹ̀ sì já bọ́. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kí ni bàtà yìí wà fún?"

Ìyá Eléku dáhùn bí ẹni tó ń san owó ọkọ̀, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì. Ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n bá jẹjẹrẹ nínú ìfun ọkọ òun. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n ọkàn kò jinná. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn, á fò sókè. Kì í sùn. Á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á máa ka tákàdà oògùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kó máa rìn. Wọ́n rìn dé igun òpópónà lọ́jọ́ kìíní, ó rẹ̀ ẹ́, wọ́n padà. Nísinsìnyí, ó ń wọ ọkọ̀ wá pàdé òun lójoojúmọ́, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ogójì ìṣẹ́jú ni.

"Ó ti ń sùn báyìí," ni ó wí. "Ó tiẹ̀ ń hanrun. Èmi ni mi ò rí oorun sùn mọ́."

Ó gba àpò rẹ̀, ó sọdá. Mo rí bó ṣe tẹ̀ ba lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń bá ọkùnrin náà so okùn bàtà. Ó yẹ kí ojú tì mí. Ojú tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ilé, ohun mìíràn ti gba orí mi: obìnrin yìí gbà gbọ́ pé eré ìdárayá ló mú ọkàn ọkọ òun balẹ̀. Ogún eku tí kò rí kẹ̀kẹ́ gùn sì wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ òun, kí ni mi ò ní ṣe?

Mi ò tiẹ̀ dé ilé. Mo padà sọ fún Dókítà. Ó ránṣẹ́ sí Ìyá Eléku kó tó wọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ní Ọjọ́bọ̀, agogo méje ku díẹ̀ láàárọ̀. Àwa mẹ́ta la wà nínú ọ́fíìsì.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ń mú àwọn tí kò ní kẹ̀kẹ́ jáde nínú yàrá?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ ń gbé wọn sí orí kẹ̀kẹ́ àwọn yòókù?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ ń fún wọn ní nǹkan jẹ?"

"Ohun tí Bàbá yìí bá wọ̀n fún mi ni mò ń fún wọn. Ẹ sì mọ Bàbá yìí."

"Ṣé àánú wọn ń ṣe yín?"

"Ó ń ṣe mí. Ṣé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé kó má ṣe mí?"

Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà tó gbé e kúrò, ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un: ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Àgbà, kọ́kọ́rọ́ tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ní gbogbo ogójì?"

"Gbogbo ogójì, Ìyá."

Ìyá Eléku fi ìka nu etí tábìlì bí ẹni pé eruku wà níbẹ̀. "Ẹ ṣì jẹ́ kí n lọ fọ àgò wọn. Ọjọ́bọ̀ lòní." Ó jáde.

Mo tẹ̀ lé e. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá eku, níbi tí gíláàsì róbótó kan wà, mo wo aago ọwọ́ mi. Agogo méje lù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Ó kó àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ sínú garawa kéékèèké, ọ̀kan sínú ọ̀kan, ó fọ àgò wọn, ó nù wọ́n, ó da èérún pákó tuntun sí i, ó dá wọn padà. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sí ìfi-àkókò-ṣòfò kankan.

Ó wá kọjú sí òsì. Mo tún wo aago. Fún àgò tí iye wọn dọ́gba, wákàtí méjì àti àbọ̀ ló máa ń lò níhìn-ín. Mo ti bi ẹni tó ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ léèrè lánàá. Kí ló ń jẹ nǹkan bíi wákàtí kan àti àbọ̀ yòókù? Mo fi imú kan gíláàsì.

Ó fa nǹkan kan jáde lábẹ́ síńkì. Bàsíà ńlá aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Ó gbé e sílẹ̀, ó nù ún, ó kó eku márùn-ún sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kọjú sí síńkì, ó ń fọ àgò. Kò wò wọ́n. Àwọn eku wò yíká, wọ́n gbóòórùn ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan gbéra. Ó sáré yí bàsíà ká, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n ń fò lórí ara wọn, wọ́n ń yí po, wọ́n ń dúró mí, wọ́n tún ń gbéra. Inú garawa kékeré, eku ò lè yíjú padà dáadáa. Inú bàsíà yìí, pápá ìṣeré ni. Márùn-ún yìí lò ju ìdajì wákàtí lọ níbẹ̀ kí àgò wọn tó gbẹ. Ó kó wọn padà, ó mú márùn-ún mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ọkàn mi sọ pé: ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́, Ìyá Eléku.

Ó gbé bàsíà náà sókè láti da omi tó ta sí i nù, ìdí rẹ̀ sì kọjú sí mi. Àmì ọ̀dà pupa kan wà níbẹ̀, ìlà méjì tó kọjá lórí ara wọn. Èmi nìkan ló ń kun irú àmì yẹn nínú ilé náà. Ara ẹrù sítóò ni mo ń kun ún sí.

Ẹni tó ń ta ọṣẹ fún wa ló fi bàsíà náà tọrẹ. Ọdún mẹ́rin ló fi wà lẹ́yìn sítóò mi láìná wa ní nǹkan kan. Mo wá rántí ogún garawa tó sán. Mo rántí ọ̀sẹ̀ tó béèrè. Mo ka ọ̀sẹ̀ náà sẹ́yìn lórí ìka ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí mo fẹ́ kí ó jẹ́ ìkẹta tàbí ìkarùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wọlé.

"Ìyá, ta ló fún yín ní bàsíà yìí?"

Kò yíjú padà. "Ẹ̀yin ni."

"Èmi?"

"Mo ní kí ẹ fún mi ní ogún garawa. Ẹ gbé èyí fún mi, ẹ ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ní kí n kó eku sínú ohun òfìfo títí àgò á fi gbẹ. Ṣé òfìfo kọ́ ni?"

Òfìfo ni. Mo dúró síbẹ̀ tí omi ń ro tótó láti ẹnu ẹ̀rọ. Mo ń ṣírò, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kí n máa ṣírò nírú àkókò bẹ́ẹ̀: owó ogún garawa kò tó owó eku mẹ́ta. Mo ti fi owó yẹn pamọ́, mo sì ti fi ogójì eku àti iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ọ̀mọ̀wé kan san án.

Ìyá Eléku pa ẹ̀rọ omi. Ó wá kọjú sí mi wàyí, ojú tó fi wò mí sì jọ ojú tí mo fi ń wò ó láti ọjọ́ Ajé.

"Ṣé ẹ wá gbà á ni?"

"Gba kí ni?"

"Bàsíà. Bí ẹ bá gbé e lọ báyìí, kò ní sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni máa rí. Lọ́la, wọ́n á ní èmi ni. Ẹ̀yin á wà ní sítóò, ẹ á máa ka ọṣẹ. Mo mọ̀ yín, Bàbá."

Ó dùn mí gan-an, pàápàá nítorí pé mo ti rò ó. Kí ó tó yíjú sí mi ni mo ti rò ó, láàárín ẹnu ọ̀nà sí síńkì. Ọdún kan àti oṣù méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì.

"Ẹ parí iṣẹ́ yín," ni mo wí. "Mo máa wá gbé e lọ́la. Kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Kò gbà mí gbọ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn pé ó fi ẹ̀wọ̀n kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ de bàsíà náà mọ́ páìpù lọ́jọ́ yẹn, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sílé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó tú u fún mi, ó tẹ̀ lé mi lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí bí ọlọ́pàá. Mo gbé bàsíà náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lójú gbogbo ènìyàn. Sájẹ́ǹtì ní, "Bàbá, ṣé ẹ bímọ ni?" Mo gbé e lé orí tábìlì Dókítà, lórí ìwé rẹ̀, mo yí ìdí rẹ̀ sókè kó lè rí àmì mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò fi ọ̀rọ̀ garawa pamọ́. Mi ò sọ pé mo gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbàgbé.

Dókítà fa rúlà yọ, ó wọn ìdí bàsíà náà.

"Ẹ ní márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà," ni Ìyá Eléku dáhùn.

"Wọn kì í jà?"

"Wọ́n jà díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n ti parí ẹ̀."

"Nígbà náà mi ò lè sọ bóyá eré tí wọ́n sá ló tù wọ́n lára ni, àbí ẹgbẹ́ tí wọ́n rí." Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ wàyí. "Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kàn ti mọ ibi gbàgede tẹ́lẹ̀, tí àpótí mi ò fi dẹ́rù bà wọ́n mọ́." Ó dìde, ó gbé bàsíà náà fúnra rẹ̀, ó gun òkè lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà.

Èmi àti Ìyá Eléku jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́ọ̀dẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo ní kí n sọ nǹkan, ó ní kí n má sọ nǹkan.

Nígbà tí Dókítà sọ̀ kalẹ̀, kò sí bàsíà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dìde. Ṣùgbọ́n òkè ni wọ́n ní kó fi í sílẹ̀ kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Kò sí eku tí wọn yóò pa lọ́jọ́ náà. Wọn yóò pín ogún tó wà lápá òsì sí méjì: mẹ́wàá yóò máa lo bàsíà bó ṣe wà, mẹ́wàá yóò padà sínú garawa. Èmi ni n óò ra garawa náà kí ilẹ̀ tó ṣú, n óò sì gba ìwé ìkìlọ̀ kan tí yóò wà nínú fáìlì mi. Kọ́kọ́rọ́ Ìyá Eléku yóò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Garawa mélòó?" ni mo béèrè.

"Mẹ́wàá, Bàbá."

Mo ra méjìlá. Ó ṣeé ṣe kí méjì sán.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Dókítà pè wá wo ohun tó rí. Mẹ́wàá inú bàsíà ṣì ń jáde sí àárín àpótí funfun. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá inú garawa ti padà sára ògiri. Ó ní ká má tíì pariwo, ó ní eku ogún kéré, ó ní òun ṣì máa tún un ṣe. Kókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń dàgbà síbẹ̀, ti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, ti oníbàsíà, ti onígarawa. Kò sọ fún wa pé eré mú un lọ, kò sì jẹ́ kí a rò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ìyá Eléku. "Ìyá, ṣé ẹ ò fura rárá?"

"Iṣẹ́ tèmi ni kí n fọ àgò, Dókítà. Ẹ̀yin lẹ ń wo eku."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tó mọ ìgbà tí Ìkejìlélógún da omi nù, tó mọ̀ pé wọ́n jà lọ́jọ́ kìíní, ṣé òun ni kò ní rí i pé eku ń yọ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá wọn ní òdìkejì òpópónà, òun àti ọkọ rẹ̀, wọ́n ń so okùn bàtà. Mo kí káfíńtà. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní irú bàtà tí mo wọ̀ yẹn, ìsìnkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n gbéra, mo bá wọn rìn. Owó ọkọ̀ ọjọ́ kan tí mo fi pamọ́ kúkú nìyẹn.

Nígbà tí a rìn dé iwájú, mo ní, "Ìyá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ẹ mọ̀, àbí ẹ ò mọ̀?"

"Mọ kí ni?"

"Pé bàsíà yẹn ló ń mú wọn yá."

Ó rìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó tó dáhùn. Káfíńtà ti síwájú wa, ó ń ju apá, ó ń kọrin kan tí kò ní ọ̀rọ̀.

"Láti ọ̀sẹ̀ kìíní tí ẹ gbé bàsíà náà fún mi ni mo ti rí i pé wọ́n ń dúró dè é. Bí mo bá ti fa bàsíà jáde lábẹ́ síńkì, gbogbo apá òsì á dìde lórí ẹsẹ̀ méjì."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó dúró, ó wò mí tààrà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀ tí mo bá a nídìí síńkì.

"Ohun tó wà nínú àpò mi lẹ bi mí, Bàbá. Kò sí ẹni tó bi mí ní ohun tí mo rí."

Ó pe ọkọ rẹ̀ pé kó dúró de òun, ó sì yára lé e bá.